Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa nílé, lórí £500 tí ẹ bù fún àwa ará òkè òkun

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa nílé,

Mo kúnlẹ̀, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà, ẹ kú àlọbọ̀ Adó-Èkìtì lórí ọ̀rọ̀ iná tí kò tán yìí. Ìwé tí ẹ kọ sí àwa tí a wà lẹ́yìn odi ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ lórí WhatsApp, a sì ti kà á dáadáa. Ẹ fẹ́ ra tiransifọ́mà tuntun fún àdúgbò ọjà, ẹ fẹ́ tún òrùlé gbọ̀ngàn ìlú ṣe, ọmọ ìlú tó wà nílé yóò dá ₦10,000, èyí tó wà ní òkè òkun yóò dá £500. Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà tó sọ pé kò yẹ kí ó ni wá lára, nítorí pé owó tí àwa ń gbà lọ́jọ́ kan, ọ̀pọ̀ nílé kì í rí i lóṣù kan. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo kọ ọ́ síta gbangba nítorí pé tí a bá ń sọ ọ́ láàárín ara wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù lásán, ìkùnsínú ni yóò dà, ẹ̀ka wa yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ti fi ẹgbẹ́ orí WhatsApp náà sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú tiwa nìkan kọ́ ni irú ìwé yìí ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó tó kéré jù tí òfin ìlú Ọba ní kí wọ́n san fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 di £12.21 fún wákàtí kan. Ẹni tó bá fi wákàtí méje ààbọ̀ ṣiṣẹ́ lóòjọ́ ti pa £91 àti díẹ̀. Tí ẹ bá sọ ọ́ di náírà ní nǹkan bíi ₦2,000 sí pọ́n-ùn kan, ó ti kọjá ₦180,000, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà láti oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ ò parọ́. Kódà ẹ dín in kù ni. Ibi tí ìṣirò yín ti yà mí lẹ́nu ni pé ẹ mú owó tí a gbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbé e lọ sí ọjà Èkìtì kí ẹ tó ka iye rẹ̀. Ọjà Èkìtì kọ́ ni àwa ti ń ná an. Lọ́ńdọ̀nù tí a ti gbà á, ibẹ̀ náà ló ń tán sí.

Ẹ tún wo ọ̀nà míì tí náírà yìí fi ń tan èèyàn. Lọ́dún 2015, pọ́n-ùn kan kò ju nǹkan bíi ₦300 lọ ní báńkì. Lónìí ó ti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà iye yẹn. Ẹni tó wà nílé tó ń wò wá yóò rò pé ńṣe ni a ń lówó sí i lọ́dọọdún. Àmọ́ owó wákàtí tó kéré jù níbí ní ìparí ọdún 2015 yẹn jẹ́ £6.70. Ọdún mẹ́wàá kọjá, kò tíì di ìlọ́po méjì, owó ilé àti owó oúnjẹ sì ń bá a gun òkè. Náírà ló já, pàápàá láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ní kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Lọ́jọ́ tó já, kò sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kún owó wa. Tí ó bá tún já lọ́dún tó ń bọ̀, £500 yìí lè di mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà lójú yín. Lójú tèmi, yóò ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan àti lé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà owó tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 37 ààbọ̀ lọ́sẹ̀ ní £12.21 yẹn, ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé owó oṣù rẹ̀ kò ju nǹkan bíi £1,984 lọ. Ìjọba fi £12,570 àkọ́kọ́ lọ́dún sílẹ̀ fún un láì gba owó orí. Lórí ìyókù, wọ́n gba ogún nínú ọgọ́rùn-ún fún owó orí, mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fún National Insurance (owó àjùmọ̀dá fún ètò ìrànwọ́ ìjọba), owó ìfẹ̀yìntì náà sì yọ tirẹ̀. Ohun tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ ń rìn láàárín £1,650 sí £1,700. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ san, kí ó tó fojú rí owó náà ni wọ́n ti yọ ọ́.

Nínú rẹ̀ ni owó ilé wà. Yàrá kan ṣoṣo, nínú ilé tí èèyàn mẹ́rin mìíràn ń bá ọ pín ilé ìdáná àti balùwẹ̀, ń lọ sí bíi £800 lóṣù ní agbègbè wa. Tí ìdílé bá ní kí àwọn gba fúláàtì oníyàrá méjì, owó oṣù ẹnì kan lè bá a lọ tán pátápátá, ìyẹn kí a tó dárúkọ owó tí káńsù ń gbà lórí ilé. Iná àti gáàsì ní owó tí wọ́n ń gé lójoojúmọ́, bó o tanná, bó ò tanná. Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n tó ń wò, £174.50 ni ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún kan ní 2025. Bọ́ọ̀sì jẹ́ £1.75 lọ́dún 2025, àánú tó wà níbẹ̀ ni pé láàárín wákàtí kan o lè wọ òmíràn láìsan owó míì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa nílé, owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n, owó ìsìnkú ẹni tí a kò lè ṣàì dá sí. Kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí tó wọ inú ìṣirò ìgbìmọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù lóṣù, tí nǹkan kan kò bá bàjẹ́, kì í tó £500. Ibo ni ẹ wá fẹ́ kó ti wá? Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n: ṣíìfù òru lé lórí ti ọ̀sán, tàbí káàdì ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kì í sùn.

Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ sọ òdodo, nítorí àwọn kan lára wa náà máa ń sọ ọ́ bíi pé ìyà nìkan ni a ń jẹ níbí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi ìgbé ayé wa wé tiyín, ẹ jẹ́ ká fi náírà àti pọ́n-ùn sílẹ̀, ká fi wákàtí iṣẹ́ ṣe òṣùwọ̀n. Wákàtí kan tí mo bá ṣiṣẹ́, mo lè fi ra odindi adìẹ, búrẹ́dì kan, mílíìkì lítà méjì àti ẹyin. Ẹni tó ń gba ₦70,000 nílé, wákàtí kan rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ₦400 lọ. Kí ni yóò fi rà? Bóyá ẹyin méjì. Lọ́dún 2024, àpò ìrẹsì kan ju gbogbo owó oṣù rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ọjà. Ní ti oúnjẹ òyìnbó, ẹ ò lè bá wa díje rárá, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Ẹ wá kí wa nígbà tó bá kan iṣu. Ní Rye Lane ní Peckham, tí gbogbo wa máa ń lọ, iṣu kan tó jọjú lè gba owó iṣẹ́ wákàtí kan, iṣu Gánà ló sì máa ń jẹ́. Ọmọ Èkìtì, tí wọ́n fi iyán mọ̀ káàkiri ayé, a wá ń fi iṣu Gánà gúnyán nínú ẹ̀rọ kékeré tó ń pariwo, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ má baà gbọ́ odó. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí yín.

Owó ilé ni ọ̀ràn náà ti yí padà. Nílé, onílé lè ní kó o san odindi ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, ajẹ́ńtì yóò gba tirẹ̀, lọ́yà yóò gba tirẹ̀, ìwọ yóò sì tọrọ owó káàkiri kó o tó wọlé. Níbí, oṣooṣù ni. Láti ọdún 2019, òfin kò jẹ́ kí ajẹ́ńtì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé, owó ìdúró kò sì gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún ilé tí owó rẹ̀ kò tó £50,000 lọ́dún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò ní onídùúró, lọ́dún 2025 wọ́n ṣì ń sọ fún un pé kó san oṣù mẹ́fà síwájú. Nílé, tó o bá ti san án, o lè fi ọdún kan gbàgbé. Níbí, ọjọ́ kìíní oṣù ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó sì tún dé.

Ohun tí mo rò pé ẹ̀yin kò rí láti ibẹ̀ yẹn nìyí, òun sì ni ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Ìrọ̀rùn tí ẹ ń rí lára wa kò sí nínú àpò wa. Iná kì í lọ. Omi gbígbóná ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ara ìyá àgbà kan tí mo ń tọ́jú bá yí padà lóru, nọ́ńbà 999 ni mo máa tẹ̀, ọkọ̀ yóò wá gbé e, kò sí ẹni tó máa béèrè pé mélòó ni ẹ kó wá kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìbáà jẹ́ ọmọ agbẹjọ́rò tàbí ọmọ ẹni tó ń gbálẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí awọ ara èèyàn dán nígbà tó bá wálé ní Kérésìmesì, kì í ṣe owó. Mo ti san apá tèmi nínú rẹ̀ kí owó oṣù tó wọlé, mi ò sì lè yọ ọ́ nínú báńkì kí n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹni tó ń gba owó kékeré jù níbí ń fi ẹsẹ̀ kan náà rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n tan iná sí bí ọlọ́rọ̀. Bó bá padà sínú yàrá rẹ̀, bóyá £40 ló kù sí i lọ́wọ́ títí di ìparí oṣù.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé nítorí pé wọ́n lówó ni wọ́n ṣe rí i ṣe. Oṣù keje ọdún 1948 ni wọ́n dá ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ wọn sílẹ̀. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nígbà náà, ìjọba ṣì ń fi ìwọ̀n pín oúnjẹ fún àwọn ará ìlú, wọn ò sì jáwọ́ nínú rẹ̀ títí di ọdún 1954. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945, Awólọ́wọ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Kò tíì tó ọdún mẹ́wàá tí ó padà sílé, ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin bàbá wa tó wà nínú ìgbìmọ̀ wọlé sí ilé-ìwé lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò ní kí ẹni tó wà ní òkè òkun wá dá owó tábìlì. Owó orí àti owó kòkó gbogbo èèyàn ni wọ́n kó jọ.

Lónìí, ẹ̀yin ni ìjọba ara yín. Ẹ gbẹ́ kànga fúnra yín, ẹ san owó àwọn tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ẹ ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Epo yẹn kò tó ₦200 lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Àwọn tí wọ́n fi sí ìpele A nínú ọ̀rọ̀ iná, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná wọn pẹ́ jù lójúmọ́, owó wọn fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún ìwọ̀n kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Nítorí náà nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé ayé nílé dínwó ju ti òyìnbó lọ, mo máa ń bi í pé ṣé ó ti ka gbogbo èyí mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ gbé nílé bí a ṣe ń gbé níbí, kí iná má lọ, kí omi má dá, kí ọmọ rẹ̀ kàwé níbi tó dáa, kí ó sì rí dókítà láàárọ̀ ọjọ́ tó bá ṣàárẹ̀, owó tó máa ná lè ju tèmi lọ. Ọlọ́rọ̀ ló máa jẹ́.

Àwọn ohun kan sì wà tí ẹ ní tí a ò lè rà. Obìnrin tó bá bímọ níbí, bí oṣù díẹ̀ bá ti kọjá, ó gbọ́dọ̀ padà síbi iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè gba ju £1,000 lọ lóṣù fún ọmọ kan ṣoṣo. Ìjọba ń ṣèrànwọ́ fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí físà wọn kò gbà wọ́n láyè láti jẹ nínú owó ìlú kì í rí gbogbo rẹ̀ gbà. Nílé, ìyá ọkọ ti wọ ọkọ̀ kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, ìyá aládùúgbò ti ń pọ̀n ọ́n kiri nígbà tí yóò bá fi rákòrò. Mo mọ tọkọtaya kan tí wọn kì í rí ara wọn láti ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì. Ọkọ ń ṣe ṣíìfù òru, ìyàwó ń ṣe ti ọ̀sán, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbé ọmọ fún ara wọn. Elélòó ni ẹ fẹ́ ka ìyẹn sí? Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò mọ ohun tí oòrùn tó ń pa yín yẹn jẹ́.

Ẹ padà wá wo àwọn tí ẹ bù £500 lé lórí. Ìwé yín kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wa, òfin kò sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣiṣẹ́ ju ogún wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè kọjá £15,000 lọ́dún, ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀ tà nílé kó tó rí i san. £500 tó nǹkan bíi gbogbo owó iṣẹ́ tí òfin gbà fún un láti ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mìíràn wá pẹ̀lú físà iṣẹ́. Wọ́n ní láti san owó ìwòsàn sílẹ̀ fún gbogbo ọdún tí físà náà yóò lò, £1,035 fún àgbàlagbà kan lọ́dún láti oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tó jẹ́ £624 tẹ́lẹ̀. Tọkọtaya tó fẹ́ tún físà ọdún mẹ́ta gbà yóò kó £6,210 kalẹ̀ fún ìyẹn nìkan, owó físà fúnra rẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀. Owó orí tí wọ́n ń yọ lóṣù kò dín nítorí rẹ̀. Àwa tí a gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú ni wọ́n yọ kúrò nínú owó ìwòsàn yìí, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta ọdún 2024 títí di oṣù keje ọdún 2025 tí wọ́n dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun dúró, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ fún iṣẹ́ yìí kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá. Ilé méjì ni irú wọn ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́dọ̀ yín.

Mo mọ̀ pé ẹjọ́ wa náà wà níbẹ̀. Àwọn kan lára wa máa ń wálé ní ìparí ọdún, wọ́n á háyà ọkọ̀, wọ́n á máa ná owó lé olórin lórí, wọ́n á ra aṣọ ẹbí fún ilé mẹ́ta, wọn kì í sì í sọ fún yín pé oṣù mọ́kànlá ni àwọn fi ń san gbèsè rẹ̀. Ohun tí ẹ fojú rí ni ẹ fi ṣe ìdájọ́. Tí ẹ bá bi mí, kí àwọn olówó ojú agbo yẹn san £1,000.

Nítorí pé mi ò sọ pé kí ẹ má bù fún wa. Ó yẹ ká san ju àwọn tó ń gbá ọjà nílé lọ, ó yẹ gan-an. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí èèyàn ń gbé kọ́ ló yẹ kí ẹ wò. Ọmọ ìlú wa kan wà nílé tó ní ilé epo, tó ní òtẹ́ẹ̀lì, tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé tí owó rẹ̀ lọ́dún ju owó tí mo ń pa lọ́dún kan, ₦10,000 ni ẹ bù fún un. Ọmọdébìnrin tó ń fọ abọ́ ní Leeds kó tó lọ sí kíláàsì, ẹ bù £500 fún un. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀ fi ju ti ọ̀gá yẹn lọ. Dókítà wà nínú wa pẹ̀lú, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà, wọ́n ń rí owó dáadáa, ẹ lọ bá wọn, wọn ò ní sá.

Ohun tí èmi àti àwọn kan ní ẹ̀ka wa ti jíròrò ni pé kí ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan tó wà níbí tó ń ṣiṣẹ́ máa san £10 lóṣù láti báńkì tààrà, kí akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí kò tíì níṣẹ́ máa san ohun tó bá rí, kí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ fi kún un. Lọ́dún kan, ẹnì kan ti san £120, ọdún kejì yóò sì tún san án. Owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró dára fún ìlú ju £500 tí ìdajì èèyàn kò ní san, tí ìdajì tó kù yóò fi ìbínú san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹ̀yin náà nílé pín ara yín sí ìpele: alágbàṣe, oníṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò, àti àwọn tí gbogbo wa mọ̀.

Ó ku tiransifọ́mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Àjọ NERC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, ti sọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti ra tiransifọ́mà àti òpó. Ará ìlú tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wọn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí bí wọn yóò ṣe dá owó náà padà. Ìlú mélòó ló ti rà á láìsí ìwé kankan, tí wọ́n so ó mọ́ wáyà, tí bíìlì sì ń wá bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀? Láti ìgbà tí Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 ti jáde, Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé àbójútó iná fún, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí i ní Adó ni kí ẹ gbé ìwé ẹ̀sùn yín lọ, kì í ṣe Àbújá. Tí ẹ bá ti ní ìwé àdéhùn yẹn lọ́wọ́, àwa yóò dá owó, a ó sì mọ̀ pé ẹ̀yáwó ni. Tí wọ́n bá kọ̀, a lè wò ó bóyá kí a fi owó náà ra ẹ̀rọ tó ń fa iná oòrùn sí ilé ìwòsàn ìlú, kí agbẹ̀bí má baà máa fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí mọ́. Ìyẹn yóò jẹ́ ti ìlú, kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa mú bíìlì rẹ̀ wá. Ti gbọ̀ngàn, èmi ò ní àtakò, òrùlé náà ti ń jò láti ìgbà tí mo wà ní kékeré.

Ìpàdé ẹ̀ka wa ni ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Tí ẹ bá lè fi iye tí àwọn tó ń ta tiransifọ́mà pè ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ náà, ó kéré tán láti ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ owó tí a dá lọ́dún tó kọjá àti ohun tí ẹ fi ṣe, màá kà á sókè fún gbogbo ilé. Àwọn tó ti fi ẹgbẹ́ orí WhatsApp sílẹ̀, èmi fúnra mi yóò pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n wá gbọ́.

Ẹ bá mi kí Ìyálọ́jà. Ẹ sọ fún un pé ẹlùbọ́ tó fi rán ẹnì kan sí mi ti dé, kò rà.

Èmi ni ọmọ yín,
ọmọ ìlú kan ní Lọ́ńdọ̀nù